FBLA àbí DECA: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ yàn láti fi ìpolongo ọjà orí ayélujára díje?

Ní Amẹ́ríkà, ìdíje méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: Social Media Strategies (ọgbọ́n lílo ìkànnì ayélujára) ti FBLA, àti Integrated Marketing Campaign (ètò ìpolongo ọjà) ti DECA. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa òwò ni méjèèjì; 1946 ni wọ́n dá DECA sílẹ̀. Ẹnì kan sí mẹ́ta ló lè jọ kópa nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti FBLA, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ká a. Àwọn ló ń fún yín ní iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ìṣẹ́jú 7 péré lẹ sì ní láti ṣàlàyé kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi méjì nínú rẹ̀ ṣe ìfáárà, ẹ ti jẹ àkókò tó yẹ kí ẹ fi ṣàfihàn fídíò àti àwòrán tí ẹ fẹ́ gbé sórí Instagram.

DECA ní tirẹ̀ ń béèrè ìwé tí kò ju ojú ìwé 10 lọ, fún ìpolongo tí kò ju ọjọ́ 45 lọ. Ìdánwò tún wà níbẹ̀. Ètò ìnáwó inú ìwé yẹn gan-an ló máa ń tú àṣírí ẹni tí kò ronú jinlẹ̀: á kọ owó ìpolówó sílẹ̀, á gbàgbé owó ẹni tó máa ya fídíò. Adájọ́ tó bá mọṣẹ́, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò.

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká, tí àkókò ò sì tó fún, kó lọ sí FBLA. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ìpolówó jẹun lọ́la, DECA ni mo máa ní kó yàn, nítorí ìwé yẹn.