Àwọn tó wá yẹ sukirínì X-ray wa wò ní Ìkòròdú

Ilé X-ray aládàáni kan ní ọ̀nà Ìgbógbó ni mo ti ń ya fọ́tò. Ọ̀gá wa gba àwọn kan láti ìgboro Èkó, kí wọ́n máa wá yẹ sukirínì tí dókítà fi ń ka fọ́tò wò lóòrèkóòrè.

Wọ́n pẹ́ dé o. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọ̀nà Mile 12 tí yóò bá wọn jà?

Bàbá tó wá ní ká tan sukirínì sílẹ̀ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú ná, kó gbóná dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ la tàn, owó epo ni mo ń rò. Wọ́n nu ojú ẹ̀ (ìka ọwọ́ wa ti kún un!), wọ́n wá gbé àwòrán ìdánwò sukirínì kan tí wọ́n ń pè ní TG18-QC síbẹ̀. QUALITY CONTROL ni wọ́n kọ sínú ẹ̀, síbi dúdú, síbi tó rí bí eérú àti síbi funfun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ń ṣá ju èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi, ibo lo kà á dé níbi dúdú?"

"QUALITY nìkan ni mo rí, sà."

Mo rò pé wọ́n á ní ká ra tuntun, bí àwọn ọlọ́jà ṣe máa ń wí. Rárá. Wíńdò ni bàbá lọ bá. Wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n pa iná òkè, mo sì kà á dé T inú CONTROL. Oòrùn ọ̀sán ló ń sọ dúdú di eérú. Ẹ wo àbàwọ́n kékeré nínú ẹ̀dọ̀fóró, irú ti ikọ́ ife, bó ṣe máa sá pamọ́ síbẹ̀!

Wọ́n tún fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Ó yẹ kó lè dé 350 cd/m² (bí wọ́n ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀ sukirínì nìyẹn), ti fọ́tò ọmú sì jẹ́ 420. Tiwa ò dé 350, torí iná ẹ̀yìn sukirínì máa ń rẹ̀ bó bá ti ń pẹ́. Wọ́n tún un tò, ó sì kọjá a.

Owó wọn ò kéré. Ìwé tí wọ́n fún wa kún fún GSDF (ìlànà bó ṣe yẹ kí ìmọ́lẹ̀ sukirínì máa lọ láti dúdú dé funfun) àti àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀, kò sí àlàyé kankan. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò fọwọ́ kan sukirínì scan, wọ́n ní kò sí nínú àdéhùn.

Bó bá kù sí mi lọ́wọ́, màá tún pè wọ́n. Àmọ́ ẹ má mú ọjọ́ Ajé tí aboyún máa ń kún ilé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ti scan sínú àdéhùn kí ẹ tó sanwó.