Elizade lọ́wọ́ àwọn ọmọ: bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe dàgbà, àti bí a ṣe ń ra mọ́tò níbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò dára, kó má ṣe kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n pàtẹ ọkọ̀ sí. Kó gba ẹ̀yìn lọ síbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́, kó sì dúró díẹ̀ lójú wíńdò tí wọ́n ti ń ta páàtì. Ibẹ̀ ni a ti ń wo Elizade nínú àyẹ̀wò yìí. Ilé-iṣẹ́ ìdílé tó ń ta Toyota ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Orúkọ bàbá nìkan kò lè gbé iṣẹ́ mọ́tò débẹ̀ bí páàtì kò bá sí nílẹ̀.

Olóyè Michael Ade.Ojo, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ló dá a sílẹ̀ ní 1971. Ó ti kàwé nípa òwò ní yunifásítì Nsukka, ó jáde ní 1965. Ó bá CFAO, ilé-iṣẹ́ àwọn Faransé, ta mọ́tò, ó sì tún ṣiṣẹ́ ní BP, ilé-iṣẹ́ epo, kó tó dá dúró. Elizabeth ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, Adé wá láti ara tirẹ̀, ó so méjèèjì pọ̀, ó di Elizade.

Àkókò tó yàn yẹn kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tó bọ́ sápá ọ̀tún. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà ní Japan títí dòní, nítorí náà ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ wọn níbí gbọ́dọ̀ rí èyí tí wọ́n gbé sítíárìn rẹ̀ sápá òsì. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ṣe òfin tó fi àwọn òwò kan lé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Owó epo rọ̀bì wọlé, owó Údọ̀jì, ìyẹn owó oṣù tí ìjọba fi kún ti òṣìṣẹ́, tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1975, Peugeot ti ń to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen ń to tirẹ̀ ní Èkó, Peugeot 504 sì ni ọkọ̀ ọ̀gá. Ẹni tó ń ta Toyota láàárín àwọn wọ̀nyẹn ní láti rí nǹkan tí yóò mú oníbàárà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, a ò sì mọ ohun tó lè ṣe é ju ọkọ̀ tí kì í dúró sọ́nà lọ.

Ìdánwò tó le jù dé ní 1986, nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lábẹ́ SAP, ètò tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò. Mọ́tò tuntun kúrò lọ́wọ́ tíṣà àti akọ̀wé. Tòkunbọ̀ gba ìgboro, ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba Kútọnu wọlé. Díílà tó bá jẹ́ pé títa ọkọ̀ nìkan ló ń jẹ kò lè rọ́nà lọ láyé yẹn. Èyí tó ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń bá ìjọba àti ilé ìfowópamọ́ tọ́jú ọ̀wọ́ ọkọ̀ wọn, ló lè dúró de ìgbà tí ọjà yóò tún yá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé wọ́kíṣọ́ọ̀pù ni ká máa wò.

Lọ́wọ́ àwọn ọmọ, iṣẹ́ pín. Demola Ade.Ojo bọ́ sípò ọ̀gá àgbà Elizade. Kunle Ade.Ojo bọ́ sípò ọ̀gá àgbà Toyota Nigeria Limited. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ń da méjèèjì pọ̀. Toyota Nigeria ló ń kó ọkọ̀ wọlé, tó ń pín in fún àwọn díílà, tó sì dúró lẹ́yìn wáráńtì. Díílà ni Elizade, bí Mandilas, R.T. Briscoe àti Kojo Motors ṣe jẹ́. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí ẹ rà ní Elizade, ẹ lè gbé e lọ ṣe sáfíìsì lọ́dọ̀ díílà mìíràn tí Toyota Nigeria fọwọ́ sí, wáráńtì yín kò ní bàjẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ibùgbé yín bá jìnnà sí ẹ̀ka Elizade. CFAO tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ńkọ́? Toyota Tsusho, ilé-iṣẹ́ Japan tó jẹ́ ara agbo Toyota, rà á ní 2012.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí rírà. Proforma, ìwé tí wọ́n kọ iye ọkọ̀ sí kí ẹ tó sanwó, ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọn yóò fún yín. Ẹ wo bóyá VAT 7.5% wà nínú iye tí wọ́n kọ tàbí wọn yóò fi kún un lẹ́yìn. Ẹ wo ọjọ́ tí iye náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀, dọ́là kan kúrò ní bíi ₦470, ó ti kọjá ₦1,400 níbẹ̀rẹ̀ 2024. Kò sí díílà tó lè dá owó dúró pẹ́ nínú irú ọjà yẹn. Ẹ má sọ pé kí báńkì fi owó ránṣẹ́ ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, torí bí owó bá wọlé lẹ́yìn ọjọ́ náà, iye tuntun ni wọn yóò fi ṣírò fún yín. Ẹ tún ya owó ìnṣọ́ránsì sọ́tọ̀: èyí tó bo gbogbo ewu kò gbọ́dọ̀ dín sí 5% iye ọkọ̀, nítorí náà mọ́tò ₦40 mílíọ̀nù yóò gba ó kéré tán ₦2 mílíọ̀nù lọ́dún.

Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ ka nọ́ńbà ṣáṣíìsì fúnra yín. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹ kà á lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ kà á lára òpó ilẹ̀kùn, kí ẹ fi wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìnfọ́ìsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà ṣáṣíìsì kankan. Bí ẹ bá rí O nínú ìwé, akọ̀wé ló fi rọ́pò òdo, kí wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí àṣìṣe kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ló máa ń dá ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ dúró. J níbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí Japan. AHT ni Toyota tí wọ́n ṣe ní South Africa, MR sì ni ti Thailand. Àwọn méjì yìí ni ẹ ó máa rí lára Hilux. 1, 4 àti 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ ti Kánádà. Bí ẹnì kan lẹ́bàá títì bá sọ pé Corolla òun “tuntun ni, kò tíì rìn,” tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 tàbí 2, ó lè jẹ́ tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Wáráńtì Toyota Nigeria kò bá a wá. Ohun mìíràn: ipò kẹwàá nínú nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ọdún ọkọ̀ Amẹ́ríkà, àmọ́ ọ̀pọ̀ Toyota tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà kì í fi ọdún síbẹ̀. Inú ìwé ni kí ẹ ti wá a.

Ọkọ̀ tuntun lè ti pẹ́ nínú ọgbà. Ẹ tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ìyẹn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Bí táyà bá ti lé ní ọdún méjì, ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì ní kí wọ́n dán bátìrì wò níṣojú yín, torí bátìrì tó jókòó pẹ́ láìgba iná máa ń kú ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ lọ. Àyẹ̀wò wà tí díílà gbọ́dọ̀ ṣe kó tó fi ọkọ̀ lé yín lọ́wọ́. Nínú rẹ̀ ni kí wọ́n dá fíúsì tí wọ́n yọ fún ìrìnàjò orí omi padà, kí wọ́n sì dín atẹ́gùn táyà kù sí iye tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, torí pé wọ́n máa ń fẹ́ ẹ jù nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ tuntun bá ń tọ bí ìgbà tí kò ní sípíríǹgì, atẹ́gùn yẹn ni ẹ kọ́kọ́ wò. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kí ẹ gbà, àti ìwé wáráńtì tí wọ́n ti fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí.

Nípa sáfíìsì, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn láàárín díílà gidi àti ẹni tó kàn ní ṣórúùmù. Corolla 1.8 tó ń lo ẹ́ńjìnì 2ZR-FE ń gba ọ́ìlì lítà 4.2 bí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà. Gálọ́ọ̀nù lítà 4 ni wọ́n ń tà lọ́jà, nítorí náà mẹkáníìkì tó bá da gálọ́ọ̀nù kan tán tó sì dé e, ó ti jẹ ẹ́ńjìnì ní gbèsè. Hilux 2.7 ń gba láàárín lítà 5.5 sí 6. Ẹ wo ìwé ìlò ọkọ̀ ti ọdún tiyín. Kí wọ́n pààrọ̀ wáṣà bóòtì ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì àtijọ́ lè jáde nígbà gbogbo, torí òun ló ń fún pọ̀ kí ọ́ìlì má bàa jò. Bí wọ́n bá tún lo ti àtijọ́, wọn yóò fún bóòtì náà jù, ẹsẹ̀ bóòtì yóò sì jẹ nínú álúmíníọ̀mù. Ní Èkó, ẹ máa ṣe sáfíìsì ní gbogbo kìlómítà 5,000. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í jẹ́ kí kìlómítà gòkè, ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí yẹn.

Ohun mẹ́ta ni a gbà pé kí ẹ máa rà ní wíńdò páàtì díílà, kódà nígbà tí wáráńtì bá ti parí. Púlọ́ọ̀gì ni àkọ́kọ́: ti 2ZR-FE ni Denso SC20HR11, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 1.1. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Ṣóńṣó àárín rẹ̀ máa ń nípọn, kò ní tínrín bí ti gidi, ẹ́ńjìnì á sì máa jánu nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ìkejì ni omi rédíétọ̀ Toyota aláwọ̀ osùn pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ti lú u mọ́ omi tẹ́lẹ̀, ẹ má bù omi kún un, torí omi kànga ló ń mú kí ìpẹtà kó sínú rédíétọ̀, tó sì ń jẹ wọ́tà pọ́ǹpù. Ìkẹta ló le jù: Corolla tó ní gíà CVT, CVT Fluid FE ni kó gbà. Bẹ́líìtì onírin ló ń fà á láàárín púlì méjì, ọ́ìlì yẹn ló sì ń jẹ́ kó dì mọ́ wọn. Ọ́ìlì gíà lásán yóò jẹ́ kí bẹ́líìtì yọ̀, irin yóò họ irin, gbogbo gíà náà ni ẹ ó sì rà. Ní ti bọ́ńpà, iná iwájú tàbí ilẹ̀kùn, Ládípọ̀ ní Mushin dára tó, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ púpọ̀. Fílítà ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ṣáṣíìsì kí wọ́n tó mú un wá. Corolla méjì tí ọdún wọn jọra lè yàtọ̀: ọ̀kan ń lo fílítà onírin tí wọ́n ń yí mọ́ ọn, èkejì ń lo oníwèé tó wà nínú ìdérí.

Ta ni Elizade wá yẹ fún? Ó yẹ ilé-iṣẹ́ tó ń ra ọkọ̀ lọ́pọ̀, tí ọkọ̀ tó dúró lọ́jọ́ kan jẹ́ àdánù fún. Ó yẹ ẹni tó fẹ́ lo Hilux tàbí Corolla fún ọdún mẹ́wàá, tó sì fẹ́ ìtàn sáfíìsì tó wà nínú ìwé nígbà tó bá fẹ́ tà á. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ti tòkunbọ̀ lọ, kó má jẹ gbèsè torí òórùn inú mọ́tò tuntun. Kó ra tòkunbọ̀ tó mọ́, kó sì máa ra páàtì mẹ́ta yẹn lọ́dọ̀ díílà.

JAC, mọ́tò ilẹ̀ Ṣáínà tí àwọn ọmọ fi kún òwò náà lábẹ́ Elizade Autoland, ìdájọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Páàtì Toyota wà ní gbogbo ọjà. Ti JAC, díílà fúnra rẹ̀ ni ẹ ó gbójú lé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ orúkọ páàtì mẹ́wàá sílẹ̀: fílítà ọ́ìlì, fílítà atẹ́gùn, bíréèkì páàdì iwájú, kílọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì iwájú, gíláàsì iwájú, iná iwájú, ọ́tánétọ̀, wọ́tà pọ́ǹpù, rédíétọ̀. Ẹ gbé e lọ sójú wíńdò páàtì, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Bí wọ́n bá lè sọ iye mẹ́jọ nínú wọn lójú ẹsẹ̀, tí márùn-ún sì wà lórí àtẹ, ẹ ra ọkọ̀ náà.