CNG àbí LPG: Èwo Ni Kí Ẹ Gbé Sí Mọ́tò Yín l'Abuja?

Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń ná Nyanya, Kubwa àti Lugbe lójoojúmọ́ ló fẹ́ sọ mọ́tò wọn di onígáàsì. Kẹ́ ẹ tó dúnàá dúrà, sìlíńdà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Gáàsì àdáyébá látinú àpáta abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fún pọ̀ di CNG. Ní Niger Delta, inú ihò wínníwínní ara àpáta oníyanrìn ló wà, àpáta alámọ̀ ló sì dé e lórí tí kò fi ráyè sá jáde. Iṣẹ́ tí àpáta yẹn ń ṣe ni sìlíńdà inú bùútù yín máa gbà ṣe. Ìfúnpọ̀ CNG nínú rẹ̀ ń tó 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpọ̀). Ti LPG, irú èyí tí à ń fi dáná, kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí sìlíńdà CNG fi nípọn, tó wúwo, tó sì ń gba àyè ẹrù. Onírin pátápátá ló wúwo jù. Èyí tí wọ́n fi okùn carbon wé fúyẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Ẹ má jẹ́ kí lítà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tàn yín. Sìlíńdà CNG oní-60 lítà ò lè ṣe ju iṣẹ́ epo bíi lítà 13 sí 15 lọ. LPG inú irú sìlíńdà bẹ́ẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ rọ ọ́ kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe yẹ, á gbé yín jìnnà ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Bó bá jò ńkọ́? CNG fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́, òkè ló ń gbà lọ. LPG wúwo, ilẹ̀ ló ń wọ́ tọ̀, ibẹ̀ niná á ti bá a. Èmi ò ní gba ẹni tó ń páàkì sí gáréèjì tí kò ní fèrèsé nímọ̀ràn pé kó gbé LPG.

Páìpù gáàsì AKK tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020 gùn ní kìlómítà 614, láti Ajaokuta gba Abuja àti Kaduna dé Kano. Ẹ má torí rẹ̀ rajà o. Ibi tẹ́ ẹ ti lè rọ gáàsì lọ́nà ibi iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó ń já èrò nínú ìlú, CNG ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń gba Lokoja relé, ẹ má gbà kí mẹkáníìkì yọ táńkì epo yín.

Ẹ wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sára sìlíńdà: R110 ni ti CNG, R67 ni ti LPG. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é, kẹ́ ẹ sì gba ìwé rẹ̀. Sìlíńdà tí wọ́n jó pọ̀ ló bú gbàù ní Benin ní oṣù kẹwàá 2024. Bẹ́ ẹ bá rí ojú àjópọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà bò, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín, kẹ́ ẹ máa lọ.