Ilé ìyàgbẹ́ àti balùwẹ̀ ibùdó àgọ́ kan nítòsí Ìkógòsì

Èmi àti ìdílé mi sun òru méjì nínú àgọ́ ní ibùdó kékeré kan nítòsí Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ilé ìyàgbẹ́ wọn mọ́ tónítóní, ọṣẹ kò sì wọ́n níbi ìfọwọ́. Balùwẹ̀ ni ó bà mí lọ́kàn jẹ́: ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń tò láti lò, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní ìkọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi ní láti dúró ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin wa títí wọ́n fi wẹ̀ tán. Èyí kò dára rárá. Bí wọ́n bá tún ilẹ̀kùn náà ṣe, a ó padà lọ.