PIV àbí LDV: èwo ni ká fi wọn eré omi?
Ọ̀nà méjì tí a fi ń wọn bí omi ṣe ń yára tó ni PIV (particle image velocimetry) àti LDV (laser Doppler velocimetry). Lésà ni àwọn méjèèjì ń lò, kò sí irin tó ń wọnú omi. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Yeh àti Cummins ló kọ́kọ́ fi LDV hàn ní 1964. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é lónìí: ìtànṣán méjì á pàdé lójú kan, wọ́n á di ìlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn níbẹ̀, ẹ̀rún kékeré inú omi tó bá gba ibẹ̀ kọjá á máa tàn, á máa ṣú, bó ṣe ń yára ṣe é la fi ń mọ eré rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ń ṣọ́, àmọ́ ó ń ṣọ́ ọ dáadáa.

PIV ń tẹ́ ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ bí aṣọ sínú omi. Kámẹ́rà á ya fọ́tò méjì kí ojú tó ṣẹ́, kọ̀ǹpútà á wo ibi tí àwọn ẹ̀rún sún sí. Bí omi bá ń lọ́ po lẹ́yìn òpó, PIV ni tèmi: gbogbo ìlọ́po náà ló ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà.