Àwọn tó kun ilẹ̀ gáréèjì mi ní Kubwa

Gáréèjì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ibùdókọ̀ Jabi ní Àbújá níbí, níbi tí wọ́n ti ń pariwo "Ìbàdàn, ó ku ẹnì kan" láti àárọ̀, tí ẹnì kan ọ̀hún kò sì dé títí oòrùn fi kan àtàrí. Iyàrá tí mò ń gbé Corolla mi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti gba owó bíréèkì páàdì mẹ́rin lọ́wọ́ mi tó sì pààrọ̀ méjì péré, mo ti ń fọwọ́ ara mi ṣe ọ́ìlì àti bíréèkì ní Sátidé tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Sìmẹ́ńtì lásán ni bíríkìlà rẹ́ síbẹ̀, ó ń yọ eruku lójoojúmọ́, ọ́ìlì tó bá sì kán sí i, ó ti mu ún tán kí n tó na ọwọ́ mú àkísà. Èyí tó burú jù ni ti jáàkì. Jáàkì gbọọrọ tó ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó ń yí ni mo ní, tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Bí irú jáàkì bẹ́ẹ̀ bá ń gbé ọkọ̀ sókè, ó yẹ kí òun náà máa yí wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí apá rẹ̀ kì í gòkè gbọnrangandan, ṣe ló ń tẹ̀ bí ọrun. Tèmi ń rì sínú sìmẹ́ńtì ni, kò lè yí, orí rẹ̀ á wá máa yọ̀ kúrò níbi tí mo gbé e sí. Ọkàn mi kì í balẹ̀.

Bàbá Ìbejì tó wà ní ojúlé kejì ló júwe ọmọkùnrin méjì kan fún mi, ọ̀kan ará Ọ̀fà, èkejì ará Kano. Wọ́n ní ₦9,500 ni àwọn ń gbà lórí mítà kan níbùú lóòró láti fi epoxy, ìyẹn ọ̀dà ilẹ̀ tó máa ń le gan-an, kun ilẹ̀. Gáréèjì mi jẹ́ mítà 3.5 sí 6, ìyẹn 21, owó ẹ̀ wá di ₦199,500. Mo ná an títí wọ́n fi gbà á ní ₦185,000. N óò tún gbà wọ́n síṣẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn.

Oṣù Keje ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Kí wọ́n tó dé, mo ti tẹ́ ọ̀rá funfun kan sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yíká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti ṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bí òógùn. Ọmọ Ọ̀fà wò ó, ó ní, "Màmá, oòrùn ọ̀sán yìí á fà á gbẹ." Mo ní, "Ọmọ mi, òkè loòrùn ti ń ràn, ìsàlẹ̀ lomi yìí ti ń bọ̀." Ilẹ̀ tó ń ṣomi báyìí, bí ẹ bá fi epoxy bò ó, bí ẹni di ọgbẹ́ tútù pa ni: yóò wú, yóò sì ṣí kúrò. Mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn òjò. Wọ́n padà wá ní Oṣù Kọkànlá lóòótọ́, wọn kò sì fi kọ́bọ̀ lé owó.

Ibi tí wọ́n ti mọṣẹ́ jù ni fífá ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ akunlé á kàn gbálẹ̀ ni, wọ́n á ti ki rólà bọ ọ̀dà. Àwọn wọ̀nyí fi ẹ̀rọ fá gbogbo ilẹ̀ náà títí ó fi rí ṣákaṣàka bí ìwé ìhapákó, wọ́n gbẹ́ ojú ibi tí ọ́ìlì àtijọ́ ti wọlẹ̀, wọ́n sì dí gbogbo ibi tó sán. Eruku ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, mo bá rẹ ìró àǹkárá mi méjì sómi, mo ta wọ́n sẹ́nu ọ̀nà kí ó má baà bà sórí ọ̀dà tútù.

Àṣìṣe wọn bẹ̀rẹ̀ níbi pípò. Korobá méjì ni epoxy: ọ̀dà nínú ọ̀kan, ohun tó ń mú un le nínú èkejì. Bí wọ́n bá ti pàdé, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, bó bá sì ṣe pọ̀ tó lójú kan náà ni yóò ṣe gbóná tó. Wọ́n po gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n fi lé ilẹ̀, wọ́n lọ mu kúnú. Kí wọ́n tó dé, korobá ti ń rú èéfín, ohun inú rẹ̀ ti di òkúta. Wọ́n ní kí n mú ₦38,000 wá láti ra òmíràn. Mo ní ẹni tó mu kúnú ni kó san án. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ rà á lóòótọ́.

Wọ́n tún ní mo lè gbé ọkọ̀ wọlé lọ́jọ́ kejì. Ara korobá kọ ọ́ pé ọjọ́ 7. Táyà tó ti títì márosẹ̀ bọ̀ ń gbóná, ó lè bó ọ̀dà tí kò tíì le dáadáa, torí náà abẹ́ máńgòrò ni Corolla sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ẹyẹ sì ṣe é bó ṣe wù wọ́n.

Ní báyìí, ẹ fi àkísà nu ọ́ìlì, ó tán. Nọ́ọ̀tì tó bá bọ́, mo ń gbọ́ ibi tó yí sí. Jáàkì ń yí bó ṣe yẹ. Mo gé pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró, kí wọ́n má baà gún ilẹ̀. (N kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Mo ti rí irú èyí níbi iṣẹ́.)

Àbùkù kan ló kù. A jọ sọ ọ́ pé wọn yóò wọ́n iyanrìn kíkúnná sórí ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ó má baà máa yọ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n wọ́n ọn dé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọ ibẹ̀, bàtà mi yọ̀, mo fìdí jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ọ́ìlì lọ́wọ́. Mo pe ọmọ Ọ̀fà. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Oṣù Kẹta la wà yìí.