Ẹ̀rọ amúnáwá tó ń lo gáàsì àti epo: bí ó ṣe bá wa la ìjì Beryl já ní Houston

Ẹ̀rọ amúnáwá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ irú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní inverter, èyí tí ń mú kí iná rẹ̀ dúró déédéé; kì í ṣe inverter oníbátìrì tí a mọ̀ nílé. Agbára rẹ̀ tó wáàtì 3,500, ó lè lo epo pẹtiróòlù, ó sì lè lo gáàsì ìdáná inú sílíńdà. Àsìkò ìjì líle ní etíkun Texas ni mo tìtorí rẹ̀ rà á, èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, tí kì í sì í parí títí di ìparí oṣù Kọkànlá. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Houston àti agbègbè rẹ̀ ni a gbà pé kò sí ohun tí a kò mọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ìjì líle ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà àti lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó yàtọ̀ gidigidi sí ti iná tí ń lọ tí ń bọ̀ nílé.

Oṣù Kẹrin ni mo rà á, owó rẹ̀ kò sì tó 1,000 dọ́là. Lọ́dọọdún, ìjọba ìpínlẹ̀ Texas máa ń ya òpin ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù náà, nígbà tí wọn kì í gba owó orí ọjà lórí àwọn ohun èlò tí a fi ń múra sílẹ̀ de àjálù, ẹ̀rọ amúnáwá tí iye rẹ̀ kò tó 3,000 dọ́là sì wà lára wọn. Àkókò yìí dára jùlọ láti rà á, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí orúkọ ìjì bá ti gba ẹnu gbogbo ayé yóò bá ìlà gígùn pàdé, bóyá kò tilẹ̀ ní bá ọjà mọ́. Kí olùrà má gbàgbé pé kò sí ọ́ìlì nínú ẹ̀rọ náà nígbà tí ó bá dé. Ọwọ́ ara wa ni a ó fi rọ ọ́ sí i, kí a sì tàn án wò nígbà tí ọkàn balẹ̀.

Ìjì Beryl ni ó dán ẹ̀rọ yìí wò lọ́wọ́ wa. Ìjì náà kọ́kọ́ kọlu erékùṣù Carriacou ní Grenada ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, ó sì di ìjì onípele karùn-ún, ìyẹn ipele tí ó le jùlọ, lẹ́yìn náà, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì tètè yọ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọdún rí, bí a bá wo àkọsílẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì. Ó ba Jàmáíkà jẹ́, ó gba Mẹ́síkò kọjá, nígbà tí yóò sì fi gúnlẹ̀ nítòsí Matagorda ní etíkun Texas ní ìdájí ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, ó ti lọ sílẹ̀ di onípele kìíní. Ipele kìíní yìí ni ó fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Afẹ́fẹ́ náà wó igi lu wáyà iná káàkiri ìlú tí ìjì mìíràn ti ṣe lọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, iná sì lọ ní ilé àti ilé ìtajà tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ó gba àwọn mìíràn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó rí iná.

Ní òru ìjì fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ yìí kò níṣẹ́ kankan. A kò gbọdọ̀ tàn án nínú òjò, a kò sì gbọdọ̀ tàn án nínú gáréèjì, nítorí náà pípa ni ó wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí a gbé ara lé lóru náà ni rédíò onibátìrì, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, àti yàrá àárín ilé tí kò ní fèrèsé, níbi tí gbogbo wa kó ara jọ sí nígbà tí afẹ́fẹ́ ń hó tí ẹ̀ka igi sì ń já lu òrùlé. A ti kó yìnyín kún fírísà, nítorí pé fírísà tí ó kún, tí a kò ṣí, lè mú nǹkan tutù fún nǹkan bíi wákàtí 48, ṣùgbọ́n fíríìjì lásán kò ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Lẹ́yìn tí ìjì rọlẹ̀ ni ewu tí mo rà á fún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ooru. Lára àwọn tí wọ́n kà mọ́ òkú Beryl ní agbègbè Houston ni àwọn tí ooru pa nínú ilé tí kò ní iná. Ìyá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Abẹ́òkúta, ń lo ínsúlìnì, oògùn yìí kì í sì í fẹ́ ooru. A so fíríìjì mọ́ ẹ̀rọ náà, a so fáànù méjì mọ́ ọn, a sì so ẹ̀rọ amúlétutù kékeré ojú fèrèsé, tí iná tí ó ń jẹ kò ju nǹkan bíi wáàtì 500 lọ. Ẹ má retí pé yóò gbé ẹ̀rọ amúlétutù gbogbo ilé. Kò lè gbé e. Yàrá kan ṣoṣo ni a mú tutù, ibẹ̀ ni gbogbo wa sùn sí, Màámi lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ nílẹ̀, ara wọn sì balẹ̀. Kò sí àǹfààní ẹ̀rọ yìí tí ó wú mi lórí tó èyí.

Gáàsì ni mo fẹ́ràn jù láti lò. Kì í bàjẹ́ bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ epo pẹtiróòlù a máa bàjẹ́ láàárín oṣù díẹ̀ bí a kò bá fi oògùn rẹ̀ sí i. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ilé epo ni kò ní iná tí wọn yóò fi ta epo lẹ́yìn ìjì, àwọn tí ó sì ń tà kún fọ́fọ́. Sílíńdà kan tí a ń lò fún ìdáná àgbàlá ń gbé wa láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Òótọ́ ni pé agbára ẹ̀rọ náà máa ń dín díẹ̀ bí ó bá ń lo gáàsì, ṣùgbọ́n kò dí wa lọ́wọ́. Ìṣòro wa ni pé a kò mọ ìgbà tí iná yóò padà, nítorí pé àwòrán ilẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ iná fi fi ibi tí kò sí iná hàn kò ṣiṣẹ́. Áàpù ilé oúnjẹ Whataburger ni àwọn ará ìlú ń wò, wọ́n ń fi ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ mọ àdúgbò tí ó ti ní iná, àwa náà sì ń fi í pinnu bí a ó ṣe ṣọ́ gáàsì ná.

Ohun tí mo fẹ́ kí olùrà kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo agbára tàbí iye owó, ni ohun èlò inú rẹ̀ tí ń pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bí carbon monoxide, gáàsì olóró tí ń bá èéfín rẹ̀ jáde, bá pọ̀ láyìíká. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé mọ́jú nílé wa ní Nàìjíríà. Ní Houston níbí, nígbà òtútù líle oṣù Kejì ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó lùgbàdì rẹ̀ nínú ilé wọn. Fàràǹdà kì í ṣe ibi tí a ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ẹ̀yìn fèrèsé ilé ìdáná náà kọ́. Ó kéré tán, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 20 jìnnà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ìta, kí ẹ̀rọ tí ń kéde gáàsì olóró sì wà nínú ilé. Lọ́jọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń dá èéfín padà sára ògiri, ẹ̀rọ tiwa kú fúnra rẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Bákan náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wáyà gbé iná rẹ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, nítorí pé iná náà lè gba wáyà ojú títì lọ pa òṣìṣẹ́ tí ń tún un ṣe.

Àbùkù rẹ̀ kò ṣàìsí. Rọ́bà gáàsì tí ó bá a wá kúrú jù, táyà rẹ̀ kéré débi pé a kò lè fà á lórí koríko tí omi rin, nígbà tí mo sì pe nọ́ńbà àwọn tí ó ṣe é nípa rọ́bà náà, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n wá cháàjì fóònù lọ́dọ̀ wa lè jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí a máa sọ̀rọ̀ láì pariwo.

Èmi yóò tún un rà, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tí ń gbé inú ilé alájà púpọ̀ tí kò ní àgbàlá níyànjú láti rà á, nítorí pé kò sí ibi tí ó lè gbé e sí tí èéfín kò ní pa á lára tàbí pa ẹlòmíràn lára. Bátìrì ńlá tí a lè cháàjì kí ìjì tó dé ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rà. Kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù pẹ́, ṣùgbọ́n yóò gbé fáànù, fóònù àti fíríìjì kékeré, inú yàrá ni a sì lè gbé e sí.